Makaróní Oníkarahun ní Orí Òkè Jenta Adamu

Oúnjẹ kan wà lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti gbé Jọ́ọ̀sì rí yóò rò pé ilẹ̀ Plateau ni wọ́n ti wá kọ́ ọ. Makaróní ni, àmọ́ kì í ṣe wẹ́wẹ́ tí a máa ń dà pọ̀ mọ́ ọbẹ̀. Ó tóbi, wọ́n mọ ọ́n bí ìkarahun, ẹnu rẹ̀ sì là tó kí ṣíbí kékeré wọlé. Wọ́n á bọ̀ ọ́ níwọ̀nba, wọ́n á ki wàrà àti ẹ̀fọ́ bọ̀ ọ́ nínú, wọ́n á tò ó sórí ọbẹ̀ tòmátì nínú páànù, wọ́n á tún bu ọbẹ̀ lé e lórí, wọ́n á wá gbé e sínú ààrò títí tí etí páànù yóò fi máa hó. Conchiglioni ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, àwọn ará agbègbè Campania, níbi tí ìlú Naples wà, ló sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwọn ọmọ Ítálì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà gbé irú oúnjẹ yìí dání lọ, ó sì di ohun tí ìyá ń sè ní ọjọ́ Àìkú tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá ń bọ̀ wálé.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó wà ní Jenta Adamu gbà pé oúnjẹ olówó ni. Àwọn ọmọ á rí i nínú fídíò lórí fóònù, wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ jẹ ẹ́. Ìyá á lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ṣíìsì òkè òkun ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, á mí kanlẹ̀, á padà wá gbé ìrẹsì kaná. Èmi kò fara mọ́ ọn. Tí a bá yọ ìkarahun makaróní fúnra rẹ̀ kúrò, kò sí nǹkan kan nínú oúnjẹ yìí tí Jọ́ọ̀sì kò ní, àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ṣe pọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó lọ. Wàrà tó yẹ ẹ́ jù lọ, orí àtẹ lẹ́bàá títì ni wọ́n ti ń tà á. Kò sí nínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù kankan.

Ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n kọ́ Jenta Adamu sí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Jos North. Ilé fara ti ilé, àpáta yọrí láàárín wọn, ọ̀nà tó gun òkè lọ sì há débi pé ẹni tó ru ẹrù bọ̀ àti ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ gbọ́dọ̀ yà fún ara wọn. Ẹ̀yà oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, Hausa sì ni wọ́n jọ ń fi ná ọjà. Kùsà, ìyẹn irin funfun tí wọ́n fi ń bo ara agolo kó má baà dípẹtà, ló kó àwọn Yorùbá dé Plateau. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní pẹrẹu. Ojú irin kékeré gbéra láti Zaria, ó dé Bukuru ní 1914, ìlú sì ń gbòòrò. Akọ̀wé dé, òṣìṣẹ́ rélùwéè dé, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn náà di ẹrù wọn, wọ́n dé. Ọmọ-ọmọ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní ọmọ Jọ́ọ̀sì lónìí. Wọn kò gbàgbé ọ̀nà ilé, àmọ́ Jọ́ọ̀sì ni wọ́n mọ̀ sí ilé.

Kùsà yẹn kan náà ló wà lẹ́yìn ẹ̀fọ́ tí a ó fi se oúnjẹ yìí. Àwọn òyìnbó tó ń wa ilẹ̀ fẹ́ jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ nílùú wọn, ojú ọjọ́ òkè náà sì gbà á, nítorí ìlú Jọ́ọ̀sì ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,200 mítà. Pòtétò, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, gbogbo wọn ló fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí òwò kùsà rọlẹ̀, àwọn awakùsà lọ, wọ́n fi kòtò ńláńlá sílẹ̀ káàkiri Bukuru, Barkin Ladi àti àyíká wọn. Òjò rọ̀ sínú wọn, wọ́n di adágún. Àwọn àgbẹ̀ wá gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi létí wọn, wọ́n ń fi bomi rin oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nínú oṣù kìíní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ ewé ibòmíràn, ọjà Farin Gada ṣì ń kún fún tòmátì àti ewébẹ̀, ọkọ̀ sì ń kó wọn lọ sí gúúsù. Mi ò ní yin àwọn adágún yìí láì sọ ìdàkejì wọn. Ọmọdé àti àgbà ti kú sínú wọn, ọ̀pọ̀ ni kò ní ọgbà kankan yí wọn ká títí di báyìí. Ó yẹ kí ìjọba ti dí èyí tí kò wúlò, kí wọ́n sì fi ọgbà yí èyí tí àgbẹ̀ ń lò ká.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Tòmátì tó pọ́n dénú ni kí ẹ rà, nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀ fún ènìyàn mẹ́fà, pẹ̀lú tàtàṣé méjì, àlùbọ́sà mẹ́ta, ààyù orí kan, àti ata rodo níwọ̀n bí ẹnu yín bá ṣe gbà á. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ti òyìnbó tí àwọn Hausa ń pè ní alayyahu, ìdì ńlá kan. Ẹ má gbàgbé efínrín. Àwọn ará Ítálì kì í sábà se ọbẹ̀ tòmátì kí wọ́n má já ewé bàsílì sí i, ẹbí kan náà sì ni bàsílì àti efínrín wa. Ocimum ni àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pe àwọn méjèèjì. Efínrín le lẹ́nu ju ti wọn lọ, nítorí náà ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó, ẹ sì dúró kí ọbẹ̀ kúrò lórí iná kí ẹ tó já a sí i.

Ìkarahun náà ńkọ́? Òun nìkan ni ọjà ìta kò ní. Àlìkámà líle ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àlìkámà tí à ń jẹ ní Nàìjíríà ló sì ń ti òkè òkun wọlé, yálà a sọ ọ́ di búrẹ́dì tàbí sìpàgẹ́tì. Ẹ wá a ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Bí ẹ kò bá rí i, tàbí tí owó rẹ̀ bá ga, ẹ ra makaróní kékeré tó wà níbi gbogbo, kí ẹ tò ó ní ìpele: ọbẹ̀ nísàlẹ̀, makaróní, wàrà, ọbẹ̀, makaróní. Adùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Ohun tí ẹ pàdánù ni ayọ̀ tí àwọn ọmọ ń ní bí wọ́n bá ń ki nǹkan bọ inú ìkarahun, ìyẹn náà kì í sì í ṣe ohun kékeré.

Wàrà gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ricotta ni àwọn ará Ítálì ń kì sínú ìkarahun wọn. Wọ́n ń rí i láti inú omi tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ṣíìsì tán. Wọ́n á tún gbé omi yẹn kaná, ohun funfun múlọ́múlọ́ tó bá léfòó sókè ni wọ́n ń kó. Ìwà rẹ̀ ni kí ẹ kíyè sí: iná kì í yọ́ ọ. Bó ti wù kí ààrò gbóná tó, yóò wà nínú ìkarahun rẹ̀ ní funfun, ní rírọ̀. Ẹni tó bá fi ṣíìsì pupa inú ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀ nítorí pé òun náà ń jẹ́ ṣíìsì, yóò ṣí páànù rẹ̀, yóò bá ìkarahun lófìfo, òróró á sì ti bo ojú ọbẹ̀. Owó ńlá ló fi ba oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ yẹn.

Wàrà tiwa náà kì í yọ́. Àwọn obìnrin Fúlàní á gbé wàrà màlúù tútù sórí iná jẹ́jẹ́, wọ́n á gún ewé bomubómu, wọ́n á fún omi rẹ̀ sí i, wọ́n á máa rò ó títí tí yóò fi dì, tí omi rẹ̀ yóò yà sọ́tọ̀. Ẹ ti rí i pé a ń dín in lóróró, pé a ń dà á sínú ọbẹ̀ gbígbóná ní Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí yóò sì dúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gé e. Ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wagasi, wọ́n a máa fi àwọ̀ pupa tó ń jáde lára pòròpórò ọkà bàbà kùn ún, ìyẹn pẹ̀lú kì í sì í yọ́. Ẹni tó bá ń wá ricotta ní ilẹ̀ wa, wàrà yìí ló ń wá. Kò tíì mọ̀ ni.

Ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà tún gba ibòmíràn yọ. Màlúù pọ̀ lórí òkè náà. Láyé àtijọ́, òtútù ibẹ̀ kò jẹ́ kí eṣinṣin tó ń kó àrùn ran màlúù ráyè gbilẹ̀, láti 1924 sì ni ilé ìwádìí ìlera ẹran ọ̀sìn ti wà ní Vom. Àmọ́ nónò, ìyẹn wàrà kíkan, àti mánṣánù, ìyẹn ọ̀rá wàrà màlúù, ni àwọn obìnrin Fúlàní ibẹ̀ sábà máa ń gbé wá sígboro. Ohun tó kún ojú títì Jọ́ọ̀sì láti àárọ̀ dé alẹ́ ni awárà, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà náà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á se omi rẹ̀ títí yóò fi hó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi kíkan sí i, ti ògì tàbí ti èso tsamiya, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Wọ́n á kó o sínú aṣọ, wọ́n á dì í, wọ́n á gbé ohun wúwo lé e títí omi yóò fi ro jáde, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, ó di inú òróró gbígbóná. Gbogbo ọmọ Jọ́ọ̀sì ló ti fi ata yájì jẹ ẹ́ nínú bébà.

Èyí tí kò tíì wọ òróró ni ẹ fẹ́. Ẹ bá ẹni tó ń ṣe é sọ̀rọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ó fi sílẹ̀ fún yín lódindi, nǹkan bí ìdajì kílò tàbí kó lé díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó wò yín tìyanu-tìyanu. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ béèrè bóyá aláìsàn ni mo fẹ́ fún, torí pé ta ló ń jẹ ẹ́ ní tútù? Mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gé ibi tó rọ̀ jù lọ láàárín fún mi, ó ní igun rẹ̀ ti le jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ nìyẹn. Kò sí ìwé oúnjẹ kankan tí mo ti ka irú ìyẹn rí.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi rún awárà náà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá kàn án, á di lẹ́ẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu. Awárà kò ní ọ̀rá tó ti wàrà màlúù, nítorí náà ẹ yọ́ ṣíbí mánṣánù kan tàbí méjì, ẹ fi yí àlùbọ́sà àti ààyù tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́ títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba ilé, kí ẹ sì dà á lé e. Èyí ló ń pa òórùn sóyà tí àwọn kan ń sá fún. Ẹ bu nónò tó ki sí i, ṣíbí mẹ́ta, kó lè rọ̀. Ẹyin méjì, iyọ̀, ata gbígbẹ díẹ̀. Ní ti ẹ̀fọ́, ẹ bọ̀ ọ́ fìrí, ẹ da omi tútù lé e, kí ẹ wá fún un, kí ẹ tún un fún. Omi ẹ̀fọ́ ló ń ba oúnjẹ yìí jẹ́ ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran lè fi ẹran lílọ̀ tí ó ti yan sí i; ilé mìíràn á fẹ́ ẹja àrọ̀ yíyan tí wọ́n ti yọ eegun rẹ̀, tèmi náà nìyẹn.

Ẹni tó bá ti etí òkun wá gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan nípa omi Jọ́ọ̀sì. Ní Èkó, omi kò ní hó títí yóò fi dé 100°C. Lórí òkè Plateau, afẹ́fẹ́ tó tẹ orí omi náà fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà omi á ti máa hó ní nǹkan bí 96°C. Ojú yín á rí i tó ń ru, àmọ́ kò gbóná tó bí ẹ ṣe rò. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná níbẹ̀, tí makaróní sì ń kọjá iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ má wo aago. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ gé e jẹ. Nígbà tí ó bá ti tẹ̀, àmọ́ tí eyín yín ṣì ń bá ohun líle díẹ̀ pàdé láàárín rẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí inú ààrò ni yóò ti jinná tán. Ẹ ta òróró díẹ̀ sí i, ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé Jenta Adamu ló mọ iṣẹ́ kíkì yìí ju gbogbo wa lọ. Á jókòó sórí àpótí, á gbé abọ́ wàrà sáàárín ẹsẹ̀. Á fi ìkarahun kan sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, á fi àtàǹpàkò àti ìka àárín tẹ orí àti ìdí rẹ̀ síra, ẹnu rẹ̀ á là fúnra rẹ̀. Ṣíbí kan, ó tán. Á tú ọwọ́ sílẹ̀, ìkarahun á pa ẹnu dé díẹ̀, á sì tò ó sínú páànù kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó yí i ká.

“Mọ́mì, eléyìí ti ya.”

“Kò burú. Fi sábẹ́ ìyẹn, ọbẹ̀ á bò ó.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe kún un dénu?”

“Ẹyin wà nínú ẹ̀. Tó bá débi iná, á wú. Jẹ́ kó ráyè.”

Ọgbọ̀n ìkarahun tó ènìyàn mẹ́fà, márùn-ún márùn-ún. Ọbẹ̀ tí ẹ máa bù sábẹ́ àti sórí gbọ́dọ̀ ṣàn ju èyí tí a fi ń jẹ ìrẹsì lọ, nítorí makaróní yóò fa omi nínú rẹ̀. Ẹ má dín in gbẹ.

Ní ti ààrò, ẹni tó ní ti gáàsì kò ní ìṣòro: 180°C, ẹ fi bébà fọ́ìlì bo páànù fún ìdajì wákàtí, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú 10 kí orí rẹ̀ lè pọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ní Jenta Adamu kò ní in, kò sì yẹ kí ìyẹn dá ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn obìnrin wa ti ń yan kéèkì nínú ìkòkò tipẹ́tipẹ́. Ẹ wá ìkòkò ńlá tó nípọn, ẹ da yanrìn gbígbẹ tí ẹ ti kù sí ìdí rẹ̀, kó jìn tó ìka mẹ́ta. Ẹ gbé e ka orí ẹyín iná, ẹ dé e fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí yanrìn gbóná. Ẹ gbé agolo mílíìkì òfìfo mẹ́ta sórí yanrìn, ẹ gbé páànù lé wọn kí ìdí rẹ̀ má kan yanrìn, ẹ dé e pa. Ní ìparí, ẹ kó ẹyín iná sórí ọmọrí. Iná òkè yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun ló sì ń jẹ́ kí ojú oúnjẹ pọ́n kí ẹnu ìkarahun sì gbẹ díẹ̀. Inú ìkòkò kò gbóná tó ààrò, ẹ fún un ní wákàtí kan gbáko. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dáná èédú o, ẹ má ṣe gbé e wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́, nítorí èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí a máa pa ènìyàn.

Oúnjẹ alẹ́ ní ìtàn tirẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Àwọn tó gbé ibẹ̀ nígbà rògbòdìyàn ẹ̀sìn àti ẹ̀yà ti oṣù kẹsàn-án 2001, ti 2008 àti ti 2010, mọ ohun tí kọ́fíù jẹ́. Ọjà á tètè tú, ilẹ̀kùn á tètè tì, ìdílé á sì jẹun nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àwọn ará àdúgbò tó jọ ń gbé tẹ́lẹ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, olúkúlùkù lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá kó padà sílé. Àwọn tó dúró ní Jenta Adamu mọ ìdí tí wọ́n fi dúró, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Fún irú wọn, kí gbogbo ọmọ wà nílé ní agogo méje alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sí ní ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Mo fẹ́ràn oúnjẹ tó ń kó wọn jọ kí ó tó délẹ̀, tí ọ̀kan ń fún ẹ̀fọ́, tí èkejì ń rún awárà, tí bàbá náà ń fẹ́ iná lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀bà kò gba ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀, ìrẹsì kò gbà á. Èyí gbà á, nítorí ọgbọ̀n ìkarahun ju ohun tí ènìyàn kan ń dá kì lọ.

Bí ẹ bá gbé páànù kúrò lórí iná, ẹ jẹ́ kó sinmi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó bù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun inú ìkarahun á tú jáde, ahọ́n ọmọdé á sì jó. Ẹ fi kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tútù tí ẹ ti fọ̀ dáadáa tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e, ẹ gbé e sí ibi tó tutù, ní ọjọ́ kejì kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e sórí iná kékeré títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbóná dénú. Èmi fẹ́ràn ti ọjọ́ kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ata àti efínrín á ti wọ inú awárà, ẹ kò sì ní mọ̀ mọ́ pé ẹ̀wà sóyà ni.